Ibi Tí Ìdọ̀tí Adágún Washington Gbà Lọ

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò lè ṣàìmọ Seattle. Ibẹ̀ ni Amazon wà. Microsoft náà kò jìnnà síbẹ̀, Redmond ni wọ́n wà, ní òdìkejì adágún ńlá kan. Adágún Washington ni wọ́n ń pè é. Ó gùn tó kìlómítà 35, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ sì tó mítà 65. Etí rẹ̀ ni Bill Gates kọ́lé sí. Tí ìgbà ooru bá dé, àwọn èèyàn á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n á máa tu ọkọ̀, àwọn ọmọdé á máa fò bọ́ sómi látorí pákó. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, òórùn adágún yìí le débi pé àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ ní "Lake Stinko". Ká kúkú pè é ní Adágún Olóòórùn.

Bí wọ́n ṣe tún omi yẹn ṣe ti wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà máa ń bi ara wa tí ẹnì kan bá ní òun ti yanjú wàhálà kan: ṣé o yanjú ẹ̀ ni, àbí o kàn gbé e lọ síbòmíì? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé dé etí adágún yìí.

Ọdún 1916 ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òórùn. Nígbà yẹn, apá gúúsù ni omi adágún náà ń gbà jáde, nípasẹ̀ odò kan tí wọ́n ń pè ní Black River. Black River á lọ pàdé odò mìíràn, wọ́n á di Odò Duwamish, Duwamish á sì ṣàn wọ Puget Sound, ìyẹn apá òkun tó wọnú ilẹ̀ níbẹ̀. Etí àwọn odò wọ̀nyí ni àwọn èèyàn Duwamish ń gbé látayébáyé, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Orúkọ olórí wọn, Si'ahl, ni àwọn òyìnbó yí sí Seattle tí wọ́n fi sọ ìlú náà. Òun náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Point Elliott lọ́dún 1855, níbi tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ní kí àwọn ṣì lè máa pẹja níbi tí àwọn ti ń pẹja tẹ́lẹ̀.

Àwọn oníṣòwò Seattle wá ń fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè ti òkun wọ inú adágún. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn omi sí Ballard, wọ́n sì ṣí ọ̀nà tuntun fún adágún náà níhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1916, omi adágún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti fi nǹkan bíi mítà 2.7 lọ sílẹ̀, àbàtà etí omi tí àwọn ẹja kéékèèké ń sá sí sì di ilẹ̀ gbígbẹ. Black River náà gbẹ. A máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Odò yìí kò gbàgbé nǹkan kan o. Wọ́n gbé orísun kúrò lórí rẹ̀ ni. Ẹja há sínú kòtò omi tó ṣẹ́ kù, àwọn èèyàn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń fẹ̀rín kó ẹja sínú àpò. Ọkọ̀ àwọn ará Duwamish jókòó sórí ẹrẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn tí ẹ ní láti fi sọ́kàn. Odò Cedar, tó ń ti orí òkè bọ̀, Black River ló ń ṣàn lọ bá tẹ́lẹ̀. Wọ́n yí i wọ inú adágún. Omi Cedar mọ́ gan-an. Láti ọdún 1901 ni Seattle ti ń pọn omi mímu nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí i pa dà, òun ló ń gbé omi tó pọ̀ jù wọ inú adágún. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ adágún yìí, kì í ṣe omi tó wà lójú kòtò nìkan là ń sọ. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn lọ síbẹ̀, látorí òkè Cascade dé orí títì àwọn ìlú kéékèèké, apá kan adágún ni. Èèyàn ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tó pọ̀ nínú ààlà ilẹ̀ yẹn.

Ní ti ìgbẹ́ ńkọ́? Láyé àtijọ́, tààrà ni Seattle ń da tiẹ̀ sínú adágún. Nígbà tó fi máa di ọdún 1936, wọ́n ti fi páìpù kó o lọ sí Puget Sound, àwọn èèyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọdún 1940, wọ́n ṣí afárá kan tó léfòó lójú omi, tó so Seattle mọ́ apá ìlà-oòrùn adágún. Béèyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ba omi yẹn jẹ́, afárá ni kó kọ́kọ́ wò. Kí wọ́n tó ṣe é, oko àti igbó ló pọ̀ lápá ọ̀hún. Lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn lè gbé ní Bellevue kó sì máa wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Seattle. Ilé ń hù bí olú. Ìlú kéékèèké ń yọjú, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tiẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páìpù tiẹ̀. Láti ọdún 1941 lọ, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, nǹkan bíi mẹ́wàá, yí adágún ká. Nígbà tó le jù, ní nǹkan bí ọdún 1962, omi tí wọ́n ń dà síbẹ̀ lójúmọ́ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 gálọ́ọ̀nù.

Ẹ má ṣe rò pé ìgbẹ́ tútù ni wọ́n ń dà síbẹ̀ o. Wọ́n tún un ṣe dáadáa, bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn. Kòkòrò àìsàn dín kù nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ tí ojú ò rí ni phosphorus, tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ wá. Tí ẹ bá mọ ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ewéko tín-tìn-tín tí ń gbé inú omi, tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, phosphorus ló ń wọ́n wọn jù. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á bí sí i, wọ́n á rẹ̀ sí i, omi á dúdú. Tí wọ́n bá kú, wọ́n á jẹrà, wọ́n á rùn, ìjẹrà yẹn á sì máa lo afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú nísàlẹ̀ omi.

Ní Yunifásítì Washington, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ W. Thomas Edmondson. Ọdún 1916 tí Black River gbẹ gan-an ni wọ́n bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni. Ní ọdún 1955, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí ewéko omi kan tí wọn kò rí níbẹ̀ rí, Oscillatoria rubescens. Kò sóhun tó bani lẹ́rù nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n Edmondson mọ̀ pé ewéko yìí kan náà ló yọjú ní Adágún Zürich ní Switzerland nígbà tí adágún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó tún ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́: àwọn kan ti wọn omi Adágún Washington lọ́dún 1933, àwọn mìíràn sì tún un wọ̀n ní nǹkan bí ọdún 1950. Ẹni tó bá ti wá bug rí nínú ètò tí kò ní log á mọ bí ìyẹn ṣe ṣeyebíye tó. Nítorí àwọn ìwé àtijọ́ yẹn, kò ní láti máa méfò. Ó lè sọ pé ibi báyìí ni omi yìí wà tẹ́lẹ̀, ibi báyìí ló wà báyìí, ibi báyìí ló sì ń lọ.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn mímọ́ omi náà kò le rárá. Àwo funfun ni, wọ́n so okùn mọ́ ọn. O ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí ojú ẹ kò fi ní rí i mọ́, o ó sì wo bí okùn ṣe gùn tó. Àlùfáà Ìjọ Páàdì kan ní Ítálì, Angelo Secchi, ló gbé e jáde lọ́dún 1865, inú ọkọ̀ ojú omi Póòpù ló sì ti dán an wò. Títí dòní, òun ni wọ́n ń lò.

Edmondson sọ àsọtẹ́lẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́: tí ẹ bá ń da omi yìí síbẹ̀ lọ, ewéko á bo adágún, á sì máa rùn. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ gbà: tí ẹ bá dá a dúró, adágún á tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì ní pẹ́. Kì í ṣe àdúrà ló gbé e kà. Ó mọ iye omi mímọ́ tí Cedar ń gbé wọlé, ó sì mọ̀ pé adágún náà jìn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí nítorí pé ó sọ ọ́ ṣáájú, ó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo èèyàn sì lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sanwó? Ìlú púpọ̀ ló yí adágún ká, kò sì sí èyí tó lè dá a ṣe. Tí Bellevue bá dá tiẹ̀ dúró, tí Kirkland ń da tiẹ̀ lọ, asán ni. Lọ́yà kan ní Seattle, James Ellis, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Méyọ̀ Gordon Clinton fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ kan, Edmondson ń kọ ìwé sí i láti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lórí omi, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ṣòfin lọ́dún 1957 pé àwọn ìlú lè da àjọ kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Metro ni wọ́n pè é. Ohun tó kù ni kí àwọn aráàlú dìbò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1958, wọ́n dìbò. Òfin ní ìbò náà gbọ́dọ̀ wọlé nínú Seattle, kó sì tún wọlé lọ́tọ̀ láàárín àwọn tó wà lẹ́yìn ìlú. Seattle ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará ẹ̀yìn ìlú ní rárá, ó sì di òtúbáńtẹ́. Ẹ wò ó, àwọn tí páìpù wọn ń bà omi jẹ́ gan-an ni wọ́n kọ̀. Àwọn alátakò ń sọ pé ìjọba ńlá tí kò sẹ́ni tó yàn án fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ àwọn, àwọn míì tiẹ̀ pè é ní ọgbọ́n Kọ́múníìsì. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀ pátápátá. Ìwé tí wọ́n gbé síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà sọ nípa omi ìdọ̀tí, ọkọ̀ èrò àti ìlànà ilé kíkọ́. Ta ló máa fọwọ́ sí gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ellis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé lọ gé e kéré. Wọ́n yọ ọkọ̀ èrò àti ìlànà ilé kíkọ́ kúrò, ó ku omi ìdọ̀tí nìkan. Wọ́n fa ààlà sẹ́yìn, kí àwọn tó jìnnà jù má bàa sí nínú rẹ̀. Ìgbà ooru dé, omi rùn, wọ́n sì ń tẹ àwòrán àwọn ọmọdé tó dúró síwájú pátákó ìkìlọ̀ létí adágún káàkiri. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, wọ́n tún un dì, ó sì wọlé níbi méjèèjì. Owó iṣẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àwọn onílé ló ń san án, dọ́là méjì lóṣù. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tíì ní òfin omi mímọ́ tó lágbára nígbà náà; ọdún 1972 ni ìyẹn tó dé. Àwọn ará àdúgbò ló fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe.

Ní ọdún 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí páìpù kúrò, ní ọdún 1968 wọ́n parí rẹ̀. Lọ́dún 1963 yẹn, àwo funfun kì í ju nǹkan bíi mítà kan lọ tí yóò fi pòórá. Phosphorus bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ewéko sì ń tẹ̀ lé e wálẹ̀ bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ ń jà fitafita pé phosphorus kọ́ ló ń fa ìdàrú adágún, carbon ni. Edmondson tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 1970: èyí tó wálẹ̀ pẹ̀lú ewéko ni phosphorus; nitrogen kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, carbon sì wà níbi tó wà. Adágún odidi ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti fèsì sí.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò sẹ́ni tó sọ tẹ́lẹ̀, Edmondson pàápàá kò sọ ọ́. Ní ọdún 1976, omi ṣàdédé mọ́ kọjá bó ṣe yẹ kó mọ́. Àwo funfun wá ń lọ dé nǹkan bíi mítà méje. Kòkòrò omi kékeré kan, Daphnia, tó ń jẹ ewéko bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko, ló ti pọ̀. Kí ló dé tí kò pọ̀ ṣáájú? Edé kékeré kan, Neomysis, ló ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Edé yẹn ti dín kù láti àárín àwọn ọdún 1960, nítorí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní longfin smelt ti pọ̀ sí i, tó sì ń jẹ edé. Síbẹ̀ Daphnia kò tíì rí ọ̀nà lọ, torí Oscillatoria, tó rí bí òwú gígùn, máa ń há mọ́ ohun tó fi ń jẹun. Ìgbà tí Oscillatoria náà pòórá ni ọ̀nà ṣí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Phosphorus nìkan ni wọ́n fà, ẹ̀yìn ọdún mélòó kan ni odidi ilé náà tó tún ara rẹ̀ tò.

Ó dáa. Níbo wá ni omi ìdọ̀tí gbà lọ?

Apá kan lọ sí West Point, létí Puget Sound, níbi tí òkun ti ń gbé e lọ. Apá kejì, ti àwọn ìlú ìlà-oòrùn àti gúúsù adágún, lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Renton tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965. Inú odò wo sì ni Renton ń da tiẹ̀ sí? Odò Duwamish. Odò tí wọ́n ti gba omi adágún lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1916 ni wọ́n fún ní ìdọ̀tí adágún. Ọdún 1987 ni wọ́n tó na páìpù gba ibẹ̀ kọjá lọ sí inú òkun jíjìn. Lọ́dún 2001, ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ ìsàlẹ̀ Odò Duwamish mọ́ ara àwọn ibi tó bà jẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Omi Renton nìkan kọ́ ló fa ìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń da kẹ́míkà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí páìpù máa jálẹ̀ sí, wọ́n mọ odò tí kò sẹ́ni tó máa bá a wí ẹjọ́. Ní ti West Point, ní oṣù kejì ọdún 2017, omi òjò ya wọ inú ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ dẹnu kọlẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi àìfọ̀ sì ṣàn sínú Puget Sound.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é o. Adágún lè kú. Òkun tóbi, ìgbì rẹ̀ lágbára, ewéko rẹ̀ kì í sì í sábà dúró de phosphorus bíi ti adágún. Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ará Duwamish kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìṣirò náà. Títí di báyìí, wọ́n ń bá ìjọba àpapọ̀ jà kó gbà pé ẹ̀yà ni wọ́n. Wọ́n tún lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀ lọ́dún 2022. Ilé àpéjọ wọn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2009 kọjú sí Odò Duwamish.

Adágún fúnra rẹ̀ náà kò tíì bọ́ nínú wàhálà. Omi mímọ́ lọ́tọ̀, ibùgbé ẹja lọ́tọ̀. Àwọn onílé ti mọ ògiri sí èyí tó pọ̀ jù nínú etí omi, wọ́n sì ti ri pákó mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọmọ ẹja Chinook, ẹ̀bá omi tí kò jìn ló ti ń dàgbà kó tó lọ sí òkun; ògiri ti gba ibẹ̀. Lọ́dún 1999, ìjọba àpapọ̀ kọ Chinook àgbègbè Puget Sound mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Lórí Odò Cedar, ìdènà omi tí Seattle mọ ní Landsburg lọ́dún 1901 kò jẹ́ kí ẹja lè gòkè fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 2003 ni wọ́n tó ṣe àtẹ̀gùn ẹja síbẹ̀, ẹja sì gòkè lọ yé ẹyin ní ibi tí kò sí ẹni tó wà láyé tó rí wọn níbẹ̀ rí. Ìròyìn yẹn dùn mọ́ mi ju ti àwo funfun lọ.

Coho, ẹja mìíràn lára àwọn ìbátan Chinook, ló mú ọ̀ràn tuntun wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń rí i pé tí òjò bá rọ̀, àwọn coho tó ń bọ̀ láti òkun á wọ inú odò kéékèèké àárín ìlú, wọ́n á máa yí, wọ́n á kú kí wọ́n tó yé ẹyin. Longfellow Creek ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà, inú Duwamish náà ló sì ń ṣàn sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ohun tó ń pa wọ́n: 6PPD-quinone. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń fi 6PPD sínú rọ́bà kó má bàa tètè sán. Bí táyà bá ń ha lórí títì, nǹkan yẹn ń jáde, ó ń pàdé afẹ́fẹ́, ó ń di májèlé, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ sódò. Gbogbo mọ́tò tó ń gba orí afárá yẹn kọjá ló ń fi díẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ẹnu páìpù kankan tí wọ́n lè yí síbòmíràn fún èyí. Wọ́n rí i pé tí wọ́n bá jẹ́ kí omi títì kọ́kọ́ sẹ́ gba inú iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ewé jíjẹrà, coho tí wọ́n bá fi sínú omi náà kì í kú. Wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò irú ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì díẹ̀díẹ̀, ní ojúlé, ní ilé-ìwé, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Iyanrìn náà ló ń di ìdọ̀tí yẹn mú. Tó bá yá, á kún, wọ́n á sì ní láti kó o kúrò níbẹ̀.